Gbígbé dírónù kámẹ́rà nínú ọkọ̀ l'Óṣogbo: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ṣé dandan ni kí n ra àpò olówó ńlá kí n tó lè gbé dírónù mi, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò tó sì ń ya fídíò, kiri?

Rárá o. Àpò tí wọ́n rán fún un dára, mi ò bá a jà. Àmọ́ iṣẹ́ àpò náà kò ju mẹ́ta lọ: kò jẹ́ kí dírónù máa mì, kò jẹ́ kí ẹrù mìíràn lù ú, kò sì jẹ́ kí ooru tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kúlà tí ẹ fi ń gbé omi tútù lọ òde àríyá, pẹ̀lú àjákù fóòmù, lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ibi tí àpò olówó ńlá ti borí tiwa ni ìrìn ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa gun àtẹ̀gùn ìsun omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ẹ ò ní fẹ́ gbé kúlà lórí. Fún inú ọkọ̀ nìkan, tiwa tó.

Kí ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ lára dírónù nínú ọkọ̀?

Gimbal ni, ìyẹn ọrùn tí kámẹ́rà fi rọ̀ mọ́ ara dírónù. Ẹ́ńjìnnì kéékèèké ló ń yí i, wáyà pẹlẹbẹ kan tó fẹ́lẹ́ bíi bébà ló sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ara dírónù lè fara da ìkọlù díẹ̀. Ọrùn yìí kò lè fara dà á, nítorí ńṣe ló ń mì fìrìfìrì ní gbogbo ìgbà tí táyà bá ti wọ kòtò.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an. Mo wé dírónù mi àkọ́kọ́ sínú táwẹ̀lì, mo jù ú sínú búùtù, mo gbàgbé pé kẹ́ẹ̀gì epo pupa tí wọ́n fi rán mi láti Ìkìrun wà níbẹ̀. Kí n tó dé Òkè-Fíà, kẹ́ẹ̀gì ti yí lù ú, mi ò mọ iye ìgbà. Nígbà tí mo tú táwẹ̀lì, kò sí ojú ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Mo tan án, kámẹ́rà dorí kodò, kò gbé ojú sókè mọ́. Owó àtúnṣe yẹn lè ra kúlà mẹ́fà.

Kí ni mo lè fi ṣe àpótí?

Kúlà ni mo fọwọ́ sí jù. Ògiri rẹ̀ jẹ́ oníke méjì tí fóòmù wà láàárín, ó ní ìdérí, ó ní ọwọ́ tí a fi ń gbé e, ẹni tó bá sì yọjú wo inú ọkọ̀ yín á rò pé mínírà ló wà nínú rẹ̀. Ìkẹyìn yìí kì í ṣe àǹfààní kékeré o. Àpò dúdú tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ dírónù sí lára ń pe olè.

Àpótí irinṣẹ́ oníke, irú èyí tí àwọn oníná ń gbé kiri, dára náà, ìdérí rẹ̀ sì máa ń le ju ti kúlà lọ. Ohun tí kò ní ni ààbò lọ́wọ́ ooru. Pòòtìmáńtò àtijọ́ tó ní ara líle ṣeé lò tí dírónù àti kámẹ́rà mìíràn bá jọ ń lọ. Páálí lásán? Fún ọjọ́ kan, ó dáa. Òjò kan péré ló máa fi hàn yín pé páálí ni.

Irú fóòmù wo ni kí n lò?

Ẹ lọ bá àwọn tó ń rán ìjókòó ọkọ̀ tàbí àga ìgbàlejò. Àjákù tí wọ́n gé kù máa ń wà nílẹ̀ níbẹ̀, owó tí kò tó nǹkan ni wọ́n máa gbà. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lórí tábìlì. Tí ìka yín bá kan tábìlì láì lo agbára, ó ti rọ̀ jù, dírónù máa rì sínú rẹ̀ ni. Tó bá sì le bíi pátákó, gbogbo ìmìtìtì ló máa gbé dé ọ̀dọ̀ ohun tó wà lórí rẹ̀. Èyí tó dáa jù ni kí ẹ fi èyí tó le díẹ̀ sísàlẹ̀, kí ẹ sì to èyí tó rọ̀ lé e.

Ẹ ṣọ́ra fún fóòmù funfun inú páálí tẹlifíṣọ̀n. Ó máa ń rún wẹ́wẹ́, wóro rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ gbogbo nǹkan, títí kan ihò ẹ́ńjìnnì. Tó bá jẹ́ òun nìkan lẹ ní, ẹ fi àjákù aṣọ láti ọ̀dọ̀ télọ̀ wé e dáadáa kí ẹ tó lò ó.

Fóòmù kì í wà títí ayé. Ooru máa ń jẹ ẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i pé ó ń já bọ́ bí ìyẹ̀fun, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Báwo ni mo ṣe máa gé ihò tí dírónù máa jókòó sí?

Ẹ ká apá dírónù bí ẹ ṣe máa ń ká a, ẹ gbé e lé páálí, kí ẹ fi bírò yí i po. Ẹ gé páálí náà, òun lẹ máa fi wọn fóòmù. Nígbà tí ẹ bá ń gé fóòmù, ẹ wọ inú ìlà díẹ̀, bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà, kí ihò náà lè dì í mú. Ọ̀bẹ búrẹ́dì gígùn tó mú ni kí ẹ lò, kí ẹ máa fà á bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ igi, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé àwọn èèyàn máa ń fẹ́ gbẹ́ ihò sínú fóòmù kan tó nípọn. Ọwọ́ kì í gún, ìsàlẹ̀ ihò á sì rí gbágungbàgun. Ẹ gé fóòmù fẹ́lẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ la ihò náà já nínú àwọn ti òkè, kí ẹ wá tò wọ́n lé èyí tí kò ní ihò. Iṣẹ́ tí ì bá gba ọ̀sán kan á parí kí ìrẹsì tó jinná.

Ibi tí kámẹ́rà bá máa wà, ẹ fẹ̀ ẹ́ sí i. Fóòmù gbọ́dọ̀ di ara dírónù mú, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ kan kámẹ́rà rárá. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóòmù pẹlẹbẹ kan sábẹ́ ìdérí, kí òun náà rọra tẹ dírónù láti òkè. Tí ẹ bá ti pa á dé, ẹ mì í sétí yín. Bí ẹ bá gbọ́ ìró kankan, iṣẹ́ ò tíì parí.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé àpótí mi ṣiṣẹ́ kí n tó fi dírónù sí i?

Ẹyin. Mi ò ṣe àwàdà. Ẹ fi ẹyin tútù kan sínú náìlọ́ọ̀nù, ẹ so ó, kí ẹ gé àjákù fóòmù yí i ká kí ó lè jókòó sínú ihò náà. Ẹ wá wa ọkọ̀ láti Ọláìyá lọ dé Ogo-Olúwa, kí ẹ wá àdúgbò tí ọ̀nà ti bàjẹ́ wọ̀, kí ẹ padà wálé. Tí ẹyin bá fọ́, ẹ din ín jẹ, kí ẹ tún fóòmù gé.

Kúlà tí a ti fi gbé ẹja rí ńkọ́?

Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣí i sílẹ̀ nínú oòrùn fún ọjọ́ méjì kí ó gbẹ dénú. Òórùn kò lè pa dírónù. Omi tó sá pamọ́ sí ojú ibi tí omi ti ń jò jáde nísàlẹ̀ kúlà ló lè pa á, nítorí náà ẹ wo ibẹ̀ dáadáa. Kí ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni kúlà kí ẹ tó gé nǹkan kan sínú rẹ̀. Mo mọ ilé tí ọ̀rọ̀ yìí ti di ẹjọ́.

Ibo nínú ọkọ̀ ni kí n gbé e sí?

Ilẹ̀, lẹ́yìn ìjókòó iwájú, lọ́wọ́ ọ̀tún. Àárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn ni ọkọ̀ ti ń mì níwọ̀nba. Bí ẹ bá ṣe ń sún lọ sí ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn ni ìjanpata ń pọ̀ sí i, ìdí nìyẹn tí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá nínú bọ́ọ̀sì fi máa ń fò kan òrùlé ní ojú bọ́m̀pù. Búùtù ọkọ̀ kékeré wà ní ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti le jù. Tí kò bá sí àyè mìíràn, ẹ tì í mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó, kì í ṣe ẹnu búùtù.

Ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀ ọkọ̀ yín lẹ́yìn ìrìn wákàtí kan. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí páìpù èéfín máa ń mú ilẹ̀ wọn gbóná. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ́ fóòmù kan sábẹ́ àpótí.

Ẹ má gbé e sí pẹpẹ abẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn láéláé. Oòrùn ń lù ú níbẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì sípíkà ọkọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, tí ẹ bá sì tẹ búréèkì lójijì, orí ẹni tó wà níwájú ló máa bá. Ìjókòó iwájú tí bálúùnù ààbò wà níwájú rẹ̀ kò dáa náà.

Báwo ni mo ṣe máa dè é kí ó má baà yọ̀?

Tó bá wà nílẹ̀, ẹ sún ìjókòó iwájú sẹ́yìn títí tí á fi há a mọ́ra díẹ̀. Ìyẹn ti tó. Tó bá wà lórí ìjókòó, ẹ gba bẹ́líìtì ìjókòó inú ọwọ́ kúlà kọjá, kí ẹ há a bí ẹ ṣe máa há a fún èèyàn.

Fún búùtù, ẹ lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà, kí ẹ ní kó gé rọ́bà inú táyà àtijọ́ fún yín ní ìlà gígùn. Rọ́bà yẹn ni àwọn ọlọ́kadà fi ń di àpò ìrẹsì mọ́ ẹ̀yìn, ó máa ń nà, ó sì máa ń fà padà. Okùn lásán kò dáa tó o. Ojú kòtò kẹta ló máa tú.

Ṣé kí n yọ abẹ̀bẹ̀ tó ń gbé e fò ni àbí kí n kàn ká a?

Àwọn dírónù tó ṣeé ká, bíi Mini àti Mavic ti ilé iṣẹ́ DJI, ẹ ká a kí ẹ sì so ó mọ́ ara pẹ̀lú aṣọ pẹlẹbẹ kan tàbí rọ́bà irun obìnrin tó gbòòrò. Rọ́bà tín-ín-rín tí wọ́n fi ń di owó máa ń gé abẹ̀bẹ̀ létí tó bá pẹ́. Èyí tó bá jẹ́ pé wọ́n ń yí i wọlé ni, bíi ti Phantom, dírónù DJI tí kì í ká, ẹ yọ ọ́.

Ẹ má jẹ́ kí nǹkan kan jókòó lé abẹ̀bẹ̀ nínú ooru. Á tẹ̀ díẹ̀, ojú lè má rí i, àmọ́ fídíò yín máa bẹ̀rẹ̀ sí í mì bíi jẹ́lì.

Ìdérí kámẹ́rà mi ti sọnù. Kí ni mo lè fi dípò rẹ̀?

Ike tó mọ́lẹ̀ lára ìgò omi ṣeé gé. Ẹ gé ìsàlẹ̀ ìgò kékeré kan, ẹ fi téèpù yí etí rẹ̀ kí ó má baà ha nǹkan, kí ẹ fi àjákù fóòmù rírọ̀ sí inú lápá ọ̀tún àti òsì kámẹ́rà, kí ọrùn má baà yí. Ojú gíláàsì kò gbọ́dọ̀ kan nǹkan kan. Ẹ fi téèpù bébà tí àwọn akunlé ń lò mú un mọ́ ara dírónù. Téèpù tó bá lẹ̀ jù á fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀.

Ẹ kọ "YỌ MÍ" sí i lára ní pupa. Tí ẹ bá tan dírónù tí ìdérí wà lójú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ọrùn á máa bá a jà títí tí á fi gbóná.

Báwo ni kí n ṣe gbé bátìrì?

Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ihò tirẹ̀. Ẹ fi téèpù bo ojú irin tí iná ń gbà jáde, kí ẹ má sì jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́, owó ẹyọ tàbí ìṣó wà nítòsí, torí irin kan tó bá so ojú méjèèjì pọ̀ lè dá iná sílẹ̀. Tí òde tí ẹ ń lọ bá jẹ́ ti òní, ẹ jẹ́ kí ó kún. Tó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kan ló máa lò nínú àpótí kí ẹ tó lò ó, 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó wà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi bátìrì sílẹ̀ nínú dírónù. Kì í ṣe èèwọ̀, àmọ́ fóòmù lè tẹ bọ́tìnnì kí dírónù tan nínú àpótí lójú ọ̀nà, kí ọrùn kámẹ́rà máa jà nínú òkùnkùn. Èmi máa ń yọ ọ́.

Ohun tí àwa oníkúlà máa ń gbàgbé rèé: bí kúlà ṣe ń dènà ooru ìta, bẹ́ẹ̀ náà ló ń há ooru inú mọ́. Bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fò tán máa ń gbóná. Tí ẹ bá sọ ọ́ sínú kúlà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí ẹ pa á dé, ẹ ti fi aṣọ òtútù bo ẹni tí ibà ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí ó fẹ́ afẹ́fẹ́ ogún ìṣẹ́jú lábẹ́ ìbòòji.

Mo fẹ́ páàkì wọ Ọjà Ọba fún wákàtí méjì. Ṣé mo lè fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀?

Tó bá jẹ́ oṣù Kejì tàbí Kẹta, ẹ má dán an wò. Inú ọkọ̀ tí a tì pa nínú oòrùn lè kọjá 50 ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì láàárín wákàtí kan, ojú dáṣíbọ́ọ̀dù á sì gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì DJI Mini 2, wọ́n ní kí a lò ó láàárín 0 sí 40. Kúlà á fà á sẹ́yìn díẹ̀, kò lè dá a dúró.

Tó bá di dandan, ẹ páàkì sábẹ́ igi, ẹ gbé kúlà sílẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó, ẹ da aṣọ funfun bò ó, kí ẹ sì gbé bátìrì dání nínú àpò ọwọ́ yín. Ẹ má fi yìnyín sínú kúlà nítorí ooru o. Ìdáhùn tó kàn ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Kí ló dé tí gíláàsì kámẹ́rà fi máa ń ṣú bí mo bá gbé e jáde?

Ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ ni. Gíláàsì ti tutù nínú ọkọ̀, afẹ́fẹ́ ìta gbóná, ó sì kún fún omi, bí omi ṣe ń là lára ìgò mínírà tútù náà ló ń là lójú kámẹ́rà. Ó lè là sínú dírónù pẹ̀lú. Ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù kí ẹ tó dé ibi tí ẹ ń lọ, ẹ gbé àpótí jáde ní pípadé, kí ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó ṣí i.

Eruku ọyẹ́ àti òjò ńkọ́?

Ẹ fi rọ́bà fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn káfíńtà ń lẹ̀ sétí ilẹ̀kùn yí ẹnu kúlà ká. Ẹ kó àwọn àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí a má jẹ, sínú rẹ̀. Ẹ má fi ìrẹsì dípò. Ìyẹ̀fun rẹ̀ burú ju omi tó fẹ́ fà lọ. Ẹ má sì ti kúlà pa bí ìgò ọtí: bátìrì nílò ibi mímí.

Dírónù mi kì í ká. Phantom ni.

Phantom 4 Pro wúwo tó 1388 gíráàmù, nígbà tí Mini 2 kò ju 249 lọ, ẹsẹ̀ Phantom sì ta síta bíi ti àga. Kúlà ńlá tí àwọn alásè ń lò ló lè gbà á. Ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹsẹ̀ wà lókè, kí ẹ̀yìn rẹ̀ jókòó sínú fóòmù: báyìí kámẹ́rà kò ní ru ẹrù kankan. Ẹ gé ojú mẹ́rin fún apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ má gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ gbé e dúró nínú ọkọ̀ tó ń lọ, orí rẹ̀ wúwo, á ṣubú.

Mi ò ní ọkọ̀. Takisí tàbí ọ̀kadà ni mo ń wọ̀.

Nínú takisí, ó di orí itan yín. Bí awakọ̀ bá ní kí ẹ gbé e sí búùtù, ẹ sanwó èèyàn méjì tàbí kí ẹ dúró de òmíràn. Ẹ má sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. "Oúnjẹ ni" ti tó. Lórí ọ̀kadà, àpò ẹ̀yìn ọmọ ilé ìwé tí ẹ tẹ́ fóòmù sí yíká ni kí ẹ lò, kí ẹ sì gbé e kọ́ àyà, kì í ṣe ẹ̀yìn.

Tó bá di àsìkò ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù Kẹjọ, bóyá ẹ ní ọkọ̀ o, bóyá ẹ ò ní, ẹsẹ̀ lẹ máa fi dé ẹnu igbó náà. Ẹ múra àpò àyà yìí sílẹ̀. Kí ẹ sì gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀ kí ẹ tó fò ó. Ilé ìjọsìn ni fún wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún àgbáyé láti 2005.

Tí mo bá gbé e kúrò nínú ọkọ̀, dírónù á ní kí n tún kọ́ńpáàsì, ohun tó fi ń mọ ibi tó dojú kọ, ṣe. Kí ló fà á?

Irin àti mágínẹ́ẹ̀tì. Tí àpótí bá ti wà nítòsí sípíkà, tàbí tí ẹ bá tan dírónù lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, bó ṣe máa ṣe nìyẹn. Ẹ rìn jìnnà sí ọkọ̀, bí ìṣísẹ̀ ogún, kí ẹ tó tan án. Ẹ má tún kọ́ńpáàsì ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ẹ máa kọ́ ọ ní irọ́ ni. Bí ìdérí àpótí yín bá ní mágínẹ́ẹ̀tì tí ń pa á dé, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi ìkọ́ sí i.

Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ fóòmù, ọjọ́ kejì ojú kámẹ́rà funfun. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Gọ́ọ̀mù olómi tó ń gan lọ́wọ́ kíá lẹ lò. Èéfín rẹ̀ máa ń bà lé gíláàsì àti ike, á sì di funfun. Gọ́ọ̀mù bàtà tí ṣúmékà ń lò dára fún fóòmù ìjókòó, àmọ́ á jẹ fóòmù funfun run. Èyí tó wù kí ẹ lò, ẹ jẹ́ kí àpótí wà ní ṣíṣí fún ọjọ́ méjì títí òórùn á fi lọ, kí dírónù tó wọ̀ ọ́.

Bí wọ́n bá dá mi dúró lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán tàbí Iléṣà, kí ni kí n sọ?

Òtítọ́. Ní Nàìjíríà, àṣẹ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú, àti ti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ètò ààbò, ONSA, ló yẹ kí ẹni tó ń fò dírónù ní. Ẹ tẹ ìwé yín àti rìsíìtì tí ẹ fi rà á, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ìdérí kúlà nínú náìlọ́ọ̀nù. Nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣí i, ìwé ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ gbé dírónù jáde, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọrùn rẹ̀ kò lágbára, ẹ jẹ́ n gbé e."

Bátìrì mi wú lójú ọ̀nà. Ṣé mo lè gbé e délé?

Ẹ má fi sínú dírónù, ẹ má fi iná sí i, ẹ má gún un. Ẹ kọ́kọ́ dúró, kí ẹ gbé e jìnnà sí ọkọ̀, kí ẹ ṣọ́ ọ fún bí ìdajì wákàtí. Tí kò bá gbóná sí i, ẹ fi sínú ìkòkò amọ̀ tàbí agolo mílíìkì ńlá tí yanrìn gbígbẹ wà nínú rẹ̀, kí ẹ da yanrìn bò ó, kí ẹ má de ìdérí rẹ̀ pa, kí ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, kí ẹ rọra máa lọ. Ìdí nìyí tí agolo yanrìn fi máa ń wà nínú búùtù mi, àwọn ọmọ mi sì ń pè é ní agolo ológbò.

Tó bá ti ń rú èéfín, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti agolo. Ẹ páàkì, kí gbogbo èèyàn sọ̀kalẹ̀, ẹ má fa èéfín náà símú. Tí kúlà bá ṣeé fà jáde láìfara pa, ẹ fà á sí ojú titi. Omi púpọ̀ tàbí yanrìn púpọ̀ ni kí ẹ dà lé e, kí ẹ sì má sún mọ́ ọn títí á fi tutù pátápátá, torí ó lè tún jó lẹ́yìn tí ẹ rò pé ó ti kú. Dírónù tó wà nínú kúlà náà ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀.